Òróró Níwájú Orí Ọmọbìnrin Inú Àwòrán

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta, 2025

Àwọn òrìṣà Róòmù dé lónìí, nínú páálí. John fúnra rẹ̀ ló gbé wọn wá láti mùsíọ́mù yunifásítì tó ń bá ṣiṣẹ́, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Àwòrán méje ni. Ará Ítálì kan ló fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín wọn sára páànù bàbà ní bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ó fi yíǹkì kún ojú fínfín náà, ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Bébà náà ṣì lágbára ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí lọ. Ìdọ̀tí ni ìṣòro wọn: èéfín àbẹ́là, omi tó ti kán sí wọn lára, gọ́ọ̀mù tí aláìmọ̀kan kan fi lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí.

Nínú ọ̀kan, ọmọbìnrin kan ń di igi kí ọlọ́run oòrùn má baà rí i mú. Nínú òmíràn, obìnrin kan wà tí gbogbo irun rẹ̀ jẹ́ ejò. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Proserpina. Ọlọ́run ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó la ẹnu, ó ń ké. Ẹnu yẹn kò tóbi ju ẹyọ ìrẹsì lọ, síbẹ̀ èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ igbe rẹ̀.

Àfihàn wọn máa ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. John ní tí mo bá tún méjèèje ṣe dáadáa, gbogbo àpótí bébà àtijọ́ tí àwọn ní ni yóò máa wá sọ́dọ̀ mi. Èmi àti Nathaniel ọkọ mi ti jọ sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì wa: tí ṣọ́ọ̀bù yìí ò bá lè dá dúró kí oṣù kẹfà tó parí, màá padà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ padà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà máa tan ara mi jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Màámi bá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti dé láti Iléṣà, ilé wa dákẹ́ ní ọ̀sán bí ilé tí wọ́n kó jáde. Wọ́n ń wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé orí obìnrin olórí ejò.

"Títílọpẹ́, irú orí wo nìyí?"

"Àwòrán ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni, mi ò fọ́jú. Mo ní irú orí wo ni."

Wọ́n yí àga wọn kojú sí parking lot, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìyẹ̀fun òdòdó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí àwọn igi, ọkọ̀ mi dúdú ti di yẹ́lò. Màámi fẹ́ mọ ẹni tó ń da gàrí elépo sórí mọ́tò àwọn ènìyàn ní Tucker, ìlú tí à ń gbé lókè òkun yìí.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ẹyin méjìlá, dọ́là mẹ́fà àti ààbọ̀. Màámi ní kí n dá a padà fún adìẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Mo se sítáàṣì àlìkámà tí mo fi ń lẹ bébà tín-ín-rín sẹ́yìn ibi tó bá ya, mo gbé e sínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kó tutù. Ìgbà tí mo fẹ́ lò ó, abọ́ ti mọ́ fóó.

"Ẹ̀kọ rẹ ò kan rárá," ni Màámi wí. "Mílíìkì àti ṣúgà ni mo fi gbé e dìde."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Alhaji Sùlèímọ́nù, tó ń rán àga ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, yọjú wá wò bóyá nǹkan ti ṣe wá. Mo tún òmíràn sè. Mo kọ "MÀÁMI, Ẹ MÁ JẸ Ẹ́" sórí ìdérí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Mo wẹ Proserpina lónìí. Kò sí ìgbà tí mo bá ti bébà bọnú omi tí àyà mi kì í já, àfi bí ẹni tó kọ́kọ́ ń wẹ ìkókó. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bíi tíì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, omi mọ́, ojú ọmọ náà sì yọ kedere, títí kan ìpéǹpéjú rẹ̀.

Raheemat pe Màámi láti Iléṣà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ọmọ lándílọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Láti oṣù Kejìlá tí àwọn ajínigbé ti dá a sílẹ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má pè. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹta

Ní Sátidé, mo fi Màámi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sáré lọ sí wíyáhaúsì kan ní Conyers lọ gbé bébà tó ń fa omi. Proserpina wà lórí tábìlì, ó ti gbẹ, aṣọ funfun ni mo fi bò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì la lọ lánàá. Láàárọ̀ yìí mo ká aṣọ náà kúrò, mo sì rí àbàwọ́n kan níwájú orí ọmọ náà gan-an. Ó rí roboto, ó tó ẹyọ ẹ̀wà, ojú ibẹ̀ sì ń dán bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà gbígbóná. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró ólífì ni.

Ìgò kékeré kan kì í kúrò nínú báàgì Màámi. Pásítọ̀ wọn ní Iléṣà ló gbàdúrà sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọ́n fi pa ilẹ̀kùn wa, wọ́n fi pa sítíárì ọkọ̀ Nathaniel, wọ́n sì fi pa kọ̀ǹpútà Tẹniọlá ọmọ mi, tí bọ́tìnnì rẹ̀ méjì kò tíì ṣiṣẹ́ títí di òní.

"Màámi, ṣé ẹ fi òróró sí àwòrán yìí ni?"

"Àdúrà ni mo gbà."

"Ẹ fi òróró sórí bébà irínwó ọdún!"

"Ìka kan péré ni."

Mo pariwo. Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí mọ́, kò sí ẹ̀mí èṣù kankan nínú bébà tí wọ́n fẹ́ lé jáde, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi òróró bà jẹ́. Màámi mú báàgì wọn, wọ́n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sùlèímọ́nù. Nígbà tí à ń lọ sílé, GPS nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

"Yọ ọ́ kúrò first," ni Nathaniel wí. "Tó bá ti jáde, ta ló tún máa mọ̀?"

Èmi á mọ̀. Nínú iṣẹ́ wa, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ kí ẹni tó ni ín tó gbọ́. Àti pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pe John. Ó ní òun ń bọ̀.

Ó tẹjú mọ́ àbàwọ́n náà. Ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní òróró kí ni. Mo ní ti àdúrà. Ló bá jókòó sórí àga Màámi, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà òun, ìyá dúdú ará Conyers, ní irú ìgò yẹn gan-an. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ tí òun kọ́kọ́ rà ni ìyá yẹn fi òróró pa, pẹ̀lú sípíà. Ara mi ti fẹ́ máa balẹ̀. Àmọ́ nígbà tó dìde, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ó ní kí n gbìyànjú, òun fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí òun bá dúró níbi tí àwọn èèyàn máa dúró sí, tí òun sì rí àbàwọ́n yẹn, àwòrán náà ò ní gorí ògiri, òun ò sì ní lẹ́nu láti fi kó àwọn tó kù wá fún mi.

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Òjò, àrá, atẹ́gùn. Fóònù gbogbo wa ń ké pé kí a sá wọlé. Ara bébà ti rin, mi ò lè fi kẹ́míkà tó ń yọ òróró kàn án. Ìrẹsì síbí méjì ni Màámi jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Oòrùn padà. Mo kọ́kọ́ dán kẹ́míkà wò létí bébà níbi tí kò sí nǹkan, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo wá kán ẹyọ kan sí iwájú orí ọmọ náà, mo fi bébà tó ń fa omi tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé òróró ni àwọn ará Ítálì náà fi po yíǹkì wọn. Ohun tó bá lè jẹ òróró Màámi lè jẹ ìpéǹpéjú ọmọ náà mọ́ ọn.

Yíǹkì ò mira. Òróró ń jáde díẹ̀díẹ̀, inú mi ti ń dùn, àfi bí mo ṣe rí i pé ohun tó jáde láàárín ti lọ kóra jọ sí etí, ó ṣe òrùka rìbìtì yí iwájú orí rẹ̀ ká. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi, mo sunkún. Mo rí ara mi nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, mo ń wá ibi tí màá páàkì sí níwájú ọsibítù.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ dìde, Màámi dìde. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi gbé ọmọbìnrin kan dé iwájú Olúwa. Wọ́n jí i gbé." Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀, torí kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ajínigbé ò kan nílé. Pásítọ̀ bèèrè orúkọ ọmọ náà. Màámi ní orúkọ rẹ̀ ò ṣeé pè lẹ́nu àwọn, pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ta ni wọ́n tún gbé ní Iléṣà? Mo fẹ́ bi wọ́n nínú ọkọ̀. Agídí ò jẹ́ kí n bèèrè.

"Mommy, are you and Grandma fighting?" ni Tẹniọlá wí láti ẹ̀yìn.

Mo ní rárá o.

"Ẹ̀ ń jà," ni ọmọ yẹn wí, láìsí àmì ohùn kan tó tọ̀nà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Ó JÁDE!

Dípò kí n máa kán kẹ́míkà sí ojú àbàwọ́n nìkan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rin ín jìnnà kọjá òrùka náà, mo sì ń fà á láti ìsàlẹ̀ kó má baà ráyè dúró sí etí kan. Mo ṣe é, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un ṣe. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná, iwájú orí ọmọ náà mọ́ rekete, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo jó. Èmi nìkan, nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́.

Ẹnu ijó yẹn ni Alhaji Sùlèímọ́nù ti bá mi.

"Ó ti bọ́ sí i nìyẹn? Alhamdulillah. Aunty Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba màmá yín padà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ń bẹnu àtẹ́ lu rírán mi. Àti pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá ẹ ti rí ọmọ yẹn tún ṣe. Ọmọ wo ni?"

Mo lọ pe Màámi. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé gíláàsì sójú, wọ́n tẹrí ba wo àwòrán náà.

"Ó ti kúrò?"

"Ó ti kúrò, Màámi. Ọlọ́run ṣeun."

Wọn ò ṣe àmín. "Àdúrà yẹn wá ńkọ́?"

"Àdúrà wo?"

"Èyí tí mo gbà fún ọmọ náà."

Màámi wá sọ ọ́, wọn ò gbé ohùn sókè.

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú òrìṣà àwọn ará Ítálì? Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n bọ wọ́n ni? Ọmọ yẹn ni mo rí. Ọkùnrin gbé e, ó ń ké. Ìwọ ń fọ̀ ọ́, ò ń sá a gbẹ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n gbé Raheemat, fọ́tò rẹ̀ la gbé sórí tábìlì, èmi àti ìyá rẹ̀. Mo fi òróró sí iwájú orí ẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ka tiwọn lédè Lárúbáwá. Ojoojúmọ́ la ṣe é. Ó sì dé. Ṣé kò dé ni?"

"Ó dé, Màámi."

"Mo ní kí n bá èyí náà ṣe é."

Òun náà ni wọ́n gbé dé iwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń bínú sí wọn nítorí ẹ̀mí èṣù, orúkọ èṣù ò sì jáde lẹ́nu wọn rí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ojú ara mi tì mí gidi.

"Dìde, ilẹ̀ tutù," ni wọ́n wí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀: "Ṣé ọmọ náà délé?"

Mi ò sọ ìtàn náà dé òpin. "Ó délé, Màámi. Ìyá rẹ̀ wá a kárí ayé, ó sì rí i."

"Ẹ ṣeun, Baba." Wọ́n jókòó sórí àga wọn. Nígbà tí a délé, òkèlè ẹ̀bà tí wọ́n jẹ ò lóǹkà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

John wá. Ó dúró sí ọ̀ọ́kán, ó sún mọ́ ọn, ó mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wo ojú ọmọ náà títí. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ibo gan-an ni àbàwọ́n náà wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tíì dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Kó tó lọ, ó kí Màámi, ó ní ọkọ̀ òun ń ṣe mẹ́ẹ̀rí-mẹ́ẹ̀rí, pé ṣé òróró yẹn kù. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Màámi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé e dé parking lot. Nígbà tí mo yọjú, ó ti bẹ orí ba fún wọn, ìka Màámi sì wà níwájú orí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

Mo parí ìkeje, obìnrin olórí ejò. Màámi ti yí àga wọn padà wo inú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ejò náà ti ń mọ́ àwọn lójú.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Àfihàn ṣí. Nathaniel bá ẹnìkan pààrọ̀ shift kó lè wá. Màámi wọ léèsì aláwọ̀ ewé, wọ́n ń wo àwọn ọlọ́run tó wà níhòòhò láìfi ti ẹnikẹ́ni ṣe, wọ́n lọ tààrà síwájú Proserpina. Gíláàsì ti wà láàárín àwọn méjèèjì báyìí. Mo dúró lẹ́yìn wọn, inú mi ń dùn, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ló wà lórí ògiri yẹn.

Tẹniọlá ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. "Grandma, wọ́n ní ó máa padà lọ. Like, every year. Ó máa wà pẹ̀lú husband ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ for some months, then ó máa wá sílé mommy ẹ̀, and everything starts growing. That's why we have spring."

Màámi yíjú sí mi. "O ò sọ èyí fún mi."

"Mo ní ó délé, Màámi."

"Ó sì tún padà lọ."

Wọ́n kọjú sí àwòrán náà, wọ́n wò ó pẹ́. "Kò burú. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ló ń wálé?"

"Ọdọọdún ni, Màámi."

"Ọdọọdún." Wọn ò wò mí. "Ìyá tirẹ̀ ṣe oríire."

Ọdún méje ni mo ti lò láì fẹsẹ̀ tẹ Iléṣà. Ìgbà kan iṣẹ́ ni, ìgbà kan owó ni, ìgbà kan ìbẹ̀rù ọ̀nà ni. John ń bọ̀ láàárín èrò, ó ń na ọwọ́ sí mi láti òkèèrè. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni àwọn àpótí náà á ti máa wá. Ṣọ́ọ̀bù ti dúró nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì dì mọ́ Nathaniel. Ọ̀rọ̀ Màámi ò sì kúrò létí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Òjò àná ti fọ gbogbo gàrí elépo kúrò lórí ọkọ̀ mi.

Tíkẹ́ẹ̀tì àtilọ sílé ní oṣù Kejìlá gbówó lórí. Mo ra mẹ́ta. Nathaniel ò jiyàn, ó kàn bi mí bóyá Raheemat á lè pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú, ká jọ rin ọ̀nà náà lójú mọmọ. Mo lọ sọ fún Màámi nínú yàrá wọn. Orí fóònù ni mo bá wọn, Raheemat náà ni. Mo fi ọwọ́ sọ ọ́, mo fẹnu sọ ọ́: Kérésìmesì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Màámi wò mí. Wọ́n bo ẹnu fóònù, wọ́n tún ṣí i.

"Raheemat, dúró ná. Ó ń bọ̀ wálé o. Ní Kérésì."

Mo gbọ́ ohùn Raheemat tó ń bèèrè pé ta ni.

"Ta ni, kẹ̀? Ọmọ tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí ni."

Wọ́n nawọ́ mú báàgì wọn, wọ́n yọ ìgò kékeré yẹn, wọ́n sì pè mí pé kí n sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn. Mo tẹrí ba. Mi ò nu òróró náà kúrò títí tí mo fi jókòó kọ èyí.